Ìbéèrè Yín: Orúkọ Òkú Lẹ́yìn Àga Ṣọ́ọ̀ṣì

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù rìnrìn àjò lọ sí Ypres, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m, wọ́n mú wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní St George's. Bí mo ṣe fẹ́ jókòó ni mo rí wàláà idẹ lẹ́yìn àga náà, tí wọ́n fín orúkọ sójà tó ti kú sí, n kò sì lè jókòó mọ́. Ta ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yìí, kí sì ló dé tí orúkọ òkú fi kún un tó bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, bí ẹ bá tún débẹ̀, ẹ jókòó. Kì í ṣe èèwọ̀. Kí olùjọsìn lè jókòó ni wọ́n ṣe fi àga náà tọrẹ.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àyíká Ypres wà lára ibi tí ìjà ti le jù fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ìlú náà sì di àlàpà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti pinnu pé a kò ní í gbé òkú sójà kankan padà wálé, ìbáà ṣe ọmọ olówó tàbí ọmọ mẹ̀kúnnù, nítorí náà àwọn òbí àti opó ló ń sọdá òkun lọ bá òkú wọn. Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ rí ibojì kankan dúró tì: àwọn tí a kò mọ ibojì wọn, tí orúkọ wọn wà lára Ẹnubodè Menin nínú ìlú náà, lé ní 54,000. Irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ nílò ibi tí wọn yóò ti gbàdúrà ní èdè àti ìlànà tiwọn. Ní 1924, Ọ̀gágun John French, tó ṣáájú àwọn ọmọ ogun náà lọ sójú ìjà ní 1914, bẹ̀bẹ̀ fún owó ìkọ́lé. Ó kú ní 1925, kò rí i. Ọ̀gágun Plumer ló fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 1927, ọjọ́ kan náà tó ṣí Ẹnubodè Menin, wọ́n sì ya ṣọ́ọ̀ṣì náà sí mímọ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi Ìmọ̀ Ọ̀pẹ, 24 oṣù Kẹta 1929.

Sir Reginald Blomfield ló ya àwòrán ilé méjèèjì, àmọ́ wọn kò jọra rárá. Ẹnubodè náà ga, ó fẹ̀, ó ń fi agbára ìjọba hàn. Bíríkì ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ilé agogo tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga, àfi bí ẹni gbé ṣọ́ọ̀ṣì abúlé Gẹ̀ẹ́sì wá sí ìgboro Bẹ́ljíọ̀m. Lójú tèmi, èyí tó kéré yìí ló mọ ọ̀fọ̀ ṣe jù. Inú rẹ̀ funfun, wàláà sì bo ara ògiri. Àwa náà mọ wàláà ìrántí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé, àmọ́ ti St George's kọjá ara ògiri: tìmùtìmù ìkúnlẹ̀ tí wọ́n fi òwú ṣe àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun sí lára, gíláàsì aláwọ̀ ojú fèrèsé, àsíá tó rọ̀ sókè, títí dé àga tí ẹ sá fún yẹn, ìrántí ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan ni.

Ilé ìwé kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àwọn ará Eton, ilé ìwé àwọn ọmọkùnrin kan ní England, kọ́ ní ìrántí 342 akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ tó kú ní agbègbè náà. Ọmọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń tọ́jú itẹ́ òkú ló ń kàwé níbẹ̀ títí di 1940, nígbà tí àwọn ará Jámánì tún dé, tí tọmọdé tàgbà fi sá. Ilé ìwé náà kò ṣí mọ́.

Agogo mẹ́jọ tó wà nínú ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì náà kì í ṣe ti àtètèkọ́ṣe. Owó kò tó nígbà ìkọ́lé. Ọdún 2017 ni wọ́n tó gbé wọn síbẹ̀, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìjà Passchendaele, ìjà ńlá kan tó wáyé nítòsí Ypres.