Degree apprenticeship: kó gbà á, àmọ́ kó di ọjọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ mú

Ẹ káalẹ́ ma. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin ti rí àyè Computer Science gbà ní yunifásítì, iléeṣẹ́ kan tún ti fún un ní degree apprenticeship, ọdún mẹ́rin, á máa ṣe software engineering lọ́dọ̀ wọn á sì máa kàwé gboyè, dádì ẹ̀ wá yarí, wọ́n ní àwọn ò kó ọmọ wá sí London kó wá máa kọ́ṣẹ́. Mo ṣe é láti 2018 sí 2022, ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ nìyẹn gẹ́lẹ́. Wọ́n ní ṣé bí ọmọ tó ń kọ́ mẹkáníìkì lábẹ́ igi n'Íbàdàn ni, tí á máa fọṣọ ọ̀gá, tí á máa pọnmi fún ìyàwó ọ̀gá, títí wọ́n á fi ṣe fúrídọ̀mù fún un. Inú bí mi nígbà yẹn, ṣùgbọ́n "apprentice" tí wọ́n mọ̀ nílé ni wọ́n ń rí lójú. Tí ẹ bá fẹ́ bá dádì ẹ̀ sọ ọ́, ẹ sọ pé iṣẹ́ ni wọ́n gba ọmọ sí, iléeṣẹ́ ló sì máa rán an lọ sí yunifásítì, torí bó ṣe rí nìyẹn.

Owó oṣù ló máa gbà láti oṣù tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. BSc gidi ló máa gbà níparí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Digital and Technology Solutions ló wà lára tèmi, kì í ṣe Computer Science, kò sì tíì sí ẹni tó bi mí nípa ẹ̀ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kankan. Kọ́bọ̀ ò jáde lápò yín. Láti April 2017 ni ìjọba ti ń gba 0.5% lára owó oṣù tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń san, àwọn tó bá ń san ju £3 mílíọ̀nù lọ lọ́dún, inú owó yẹn ni wọ́n ti ń san owó ilé ìwé àwọn bíi tiwa. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, £9,250 ni àwọn ẹgbẹ́ mi tó lọ sí yunifásítì ń san lọ́dún, ọdún mẹ́ta £27,750, owó tí wọ́n yá ni, èlé sì ń gorí ẹ̀. Mùsùlùmí ni wá, mọ́mì mi ò fẹ́ gbọ́ owó èlé sétí rárá, ibẹ̀ gan-an ni bàbá mi ti rọ̀.

Ibi tó dùn mí nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kó kà á fúnra ẹ̀. Wednesday ni ọjọ́ yunifásítì mi. Ní ọdún kejì, iṣẹ́ wọ̀ wá lọ́rùn, máníjà mi ní ṣé mo lè yọjú sí mítìn kan ní Wednesday, wákàtí kan péré. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa, ọ̀gá kì í rán èèyàn níṣẹ́ kéèyàn ní rárá, èmi ni mo sì kéré jù níbẹ̀. Wákàtí kan di àárọ̀, àárọ̀ di gbogbo ọjọ́, mo wá ń wo fídíò lẹ́kíṣọ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́ lẹ́yìn tí mo bá ti Croydon délé ní Woolwich, ojú mi á ti máa pa dé. Mo fìdí rẹmi nínú Algorithms. 34 ni mo gbà, 40 ni wọ́n fi ń yege. Ìsinmi ọdún yẹn ni mo fi ka ìwé ìdánwò àtúnṣe, mi ò lọ sí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́òkúta. Ó ṣì ń dùn mí.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta sì ni ẹni tó ń mójú tó wa láti yunifásítì máa ń bi mí pé ṣé kò sí wàhálà, màá ní kò sí, torí máníjà jókòó síbẹ̀. Obìnrin àgbà kan níbi iṣẹ́, tó ń dán software wò kó tó jáde, ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọjọ́ yẹn kì í ṣe àánú tí wọ́n ń ṣe mí, ìlànà ìjọba ni. Nígbà tèmi, ìdá kan nínú márùn-ún wákàtí iṣẹ́ ni. Ní August 2022 ó di wákàtí 6 lọ́sẹ̀ ó kéré tán, àmọ́ fún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti August 2025, iye wákàtí tí ìjọba kọ sílẹ̀ fún irú apprenticeship kọ̀ọ̀kan ni, inú àkókò iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún ni o, kì í ṣe alẹ́, kì í ṣe Saturday. Mo kọ ọ́ sí email pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo dí gbogbo Wednesday nínú kàlẹ́ńdà. Máníjà mi ò tiẹ̀ bínú, ó ní òun ò mọ̀ rárá, ó bẹ̀ mí. Ọdún kan gbáko.

Ohun kejì, kó máa kọ iṣẹ́ tó bá ṣe sílẹ̀ ní gbogbo Friday. Níparí wọ́n máa ní kó kó ẹ̀rí wá pé ó mọ èyí, ó lè ṣe tọ̀hún, kó sì dúró ṣàlàyé ẹ̀. Iṣẹ́ tó dáa jù tí mo ṣe, ọ̀rọ̀ ìsanwó ni: tí network bá já, kóòdù wa á tún fi ìbéèrè ìsanwó náà ránṣẹ́, owó á jáde lápò oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì, èmi ni mo fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ìbéèrè ìsanwó, lè mọ̀ pé òun ti gba èyí rí. Nígbà tí mo máa fi gbé ẹ̀rí kalẹ̀, wọ́n ti kó kóòdù lọ síbòmíì, tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọ́n kọ iṣẹ́ náà sí ti pa rẹ́, mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ àfi ẹnu.

Àbúrò ẹ̀ tí ẹ ní ó dé láti Nàìjíríà lọ́dún tó kọjá, kó ṣì ní sùúrù kó tó wá irú àyè yìí, wọ́n máa bi í ní ọdún mẹ́ta tó ti gbé níbí.

Ẹ ní Friday ni wọ́n ń retí èsì. Kó pè wọ́n lọ́la, kó béèrè ọjọ́ wo ni ọjọ́ ẹ̀kọ́, ta ló máa jẹ́ máníjà ẹ̀, ṣé ẹni yẹn ti ní apprentice rí, kó sì ní kí wọ́n kọ ọjọ́ náà sínú email fún un kó tó buwọ́ lùwé.