Owó Orí Ilé ní Freetown: Kí Ni Àwọn Onímọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè Ń Wá Níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sílẹ̀ fún wa ní Ìbàdàn, a sì ń san owó orí rẹ̀ lọ́dọọdún. Mo gbọ́ pé àwọn onímọ̀ láti òkèèrè bá ìjọba ìlú Freetown, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Sàró (Sierra Leone), ṣe ìwádìí lórí owó orí ilé. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń kọ́ ìjọba bí yóò ṣe túbọ̀ máa gba owó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù?
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó tọ́ kí ẹ bẹ̀rù, àmọ́ ní Freetown, ètò àtijọ́ gan-an ló ń ni mẹ̀kúnnù lára. Bí ilé ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n ń wò jù, nítorí náà ilé olówó tó kọjú sí òkun lè máa san iye tí kò jìnnà sí ti ilé onípáànù tí wọ́n jọ fẹ̀ bákan náà. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò tilẹ̀ sí nínú ìwé ìlú: nǹkan bí 57,000 ni wọ́n kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì lé ní 120,000 nígbà tí wọ́n fi àwòrán sátẹ́láìtì wá àwọn ilé yòókù kàn.

Olórí ìjọba ìlú náà (mayor), Yvonne Aki-Sawyerr, tó dé ipò lọ́dún 2018, ló gbé àtúnṣe yìí dìde, àwọn onímọ̀ láti International Centre for Tax and Development àti International Growth Centre, tí àwọn méjèèjì jẹ́ àjọ ìwádìí tó fìdí kalẹ̀ sí Bìrìtìkó, sì bá wọn ṣe é. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ dídíyelé ilé kò pọ̀ ní Sàró, àkọsílẹ̀ iye tí wọ́n ń ta ilé sì ṣọ̀wọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ́kọ́ fara balẹ̀ díyelé àwọn ilé díẹ̀, wọ́n sì ṣírò ohun tí ìrísí kọ̀ọ̀kan ń fi kún iye ilé tàbí tó ń yọ kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tí wọ́n rán jáde kàn ní láti dúró síta, kó wo òrùlé, ògiri, fèrèsé àti ọ̀nà tó dé ẹnu ilé, kó sì fún un ní máàkì. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù lọ, nítorí onílé tí kò kàwé rárá lè wo ilé ara rẹ̀, kó sì bá wọn jiyàn lórí máàkì tí wọ́n fún un. Owó orí àwọn ilé olówó lọ sókè gan-an, ti àwọn ilé mẹ̀kúnnù sì wálẹ̀.

Ìwádìí kò lè yanjú ọ̀rọ̀ òṣèlú ṣá o. Ìjọba àpapọ̀ orílẹ̀-èdè náà dá gbígba owó ọ̀hún dúró fún ìgbà kan kí wọ́n tó tún gbà wọ́n láyè. Àwa náà rí irú rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2018, nígbà tí Land Use Charge, ìyẹn owó tí ìjọba ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀, fò sókè lójijì, tí ariwo gba ìgboro, tí ìjọba fi dín in kù, tí òfin mìíràn sì tún jáde ní 2020.

Ní ti ilé bàbá yín, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó fi ìwé owó náà ránṣẹ́, kí ẹ ní kí wọ́n fi ìṣirò rẹ̀ hàn yín: iye yàrá tí wọ́n kọ sílẹ̀, irú òrùlé tí wọ́n ní ó wà lórí rẹ̀, àti bóyá ilé gbígbé ni wọ́n pè é tàbí ilé ìtajà. Bí ohun tí wọ́n kọ bá yàtọ̀ sí ilé tí ẹ ń gbé, ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n tún un wò, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà sọ́wọ́.