Òfin tí màá fi ṣáájú nínú ìwé ẹgbẹ́ yín

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. O ní ẹ̀yin 12 ní Àkúrẹ́ tẹ́ ẹ ń fi ìṣirò àti kọ̀ǹpútà yan ìpín ìdókòwò tẹ́ ẹ máa rà fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ sì ń wá ìlànà tẹ́ ẹ máa kọ sílẹ̀. Ohun tójú mi rí ni mo máa sọ.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbé fọ́múlà, ìyẹn ìṣirò tó fi ń yan ìpín, wá síwájú ẹgbẹ́, kó kọ́kọ́ sọ iye ìgbà tó ti gbìyànjú kó tó rí i. Òfin àkọ́kọ́ nìyẹn. Lọ́dún 2016, nígbà tí mo ń gbé nítòsí FUTA, mo ní ìwé kan tí mo ń kọ àwọn àdánwò mi sí, ojú ìwé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkẹtàdínlógójì ló mówó wọlé. Ojú ìwé yẹn nìkan ni mo ń ṣí han èèyàn. Àwọn 36 tó kùnà wà níwájú rẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀ wọn rárá. Béèyàn bá ju òkò 37 sígi ọsàn, ọ̀kan á ṣèèṣì já ọsàn bọ́, ìyẹn ò ní kó mọ òkò jù.

Dátà tí mo lò pàápàá ní àbùkù. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣì wà lọ́jà lọ́dún yẹn ni mo kó jọ, mo wá fi iye ìpín wọn láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn dán fọ́múlà mi wò. Afribank, Spring Bank àti Bank PHB ò sí níbẹ̀, torí Báńkì Àpapọ̀ ti gba ìwé àṣẹ wọn lóṣù kẹjọ 2011, owó àwọn tó ní ìpín nínú wọn sì wọmi. Àwọn tó yè nìkan ni fọ́múlà mi mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé dátà tí ò bá ní àwọn ilé iṣẹ́ tó ti kú nínú, ẹgbẹ́ ò ní gbà á.

Ẹ tún ṣọ́ra fún iye tó wà lójú ìwé. Lóṣù kẹjọ 2008 tí ọjà ìpín Nàìjíríà ń já, àwọn aláṣẹ ọjà náà ṣòfin pé ìpín kan ò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 1% lọ lójúmọ́, àmọ́ ó lè gòkè dé 5%. Bẹ́ ẹ bá wo dátà ìgbà yẹn, iye ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bíi pé ara rọ gbogbo èèyàn. Irọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ tà pọ̀ bí eéṣú, kò sẹ́ni tó ń rà. Kọ̀ǹpútà á ní ẹ ti tà, ìpín yín á ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Èyí tó dùn mí jù ni owó olówó. Mo gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá mẹ́rin ní Ọjà Ọba, ọ̀rẹ́ ìyá ìyàwó mi ni wọ́n. Èyí tó ń ta ẹ̀gúsí yọ tiẹ̀ nínú agolo mílíìkì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi rọ́bà dè é, ó ní, “Ọmọ mi, owó iléèwé ni o.” Mo fi ojú ìwé 37 hàn án. Kò mọ̀wé, ojú mi ló ń wò. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, owó ọ̀hún ò pé ìdajì mọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù mi san fún wọn.

Òfin ìjọba pàápàá ò fàyè gbà á: ẹni tí SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìpín, ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ò gbọ́dọ̀ máa gba owó aráàlú láti fi dókòwò fún wọn. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kúrò láàárín yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ sí i.

Ẹ̀yáwó náà ńkọ́? Kí oníkálukú sọ iye tó yá láti fi ra ìpín. Scholes àti Merton, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1997, wà nínú Long-Term Capital Management, ilé iṣẹ́ ìdókòwò kan l'Amẹ́ríkà. Gbèsè ilé iṣẹ́ náà ju ìlọ́po 20 owó ọwọ́ wọn lọ, nígbà tó sì di 1998, ilé iṣẹ́ ìnáwó 14 ló dá $3.6 bílíọ̀nù jọ láti fi gbà á là.

Fọ́múlà fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ìní oníkálukú, ẹ má fipá mú ẹnikẹ́ni ṣí i. Owó ẹgbẹ́ àti ipò alága, ẹ ó rí ìyẹn yanjú.

Ìwé mi yẹn ṣì wà nílé. Bẹ́ ẹ bá ti mú ọjọ́ ìpàdé, ẹ jẹ́ n gbọ́. Màá gbé e dání, tòun ti gbogbo àwọn ojú ìwé 36 tí mi ò ṣí han ẹnikẹ́ni nígbà yẹn.