Lẹ́nu Ààrò: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Oúnjẹ Àlejò

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ ṣe àlejò nínú ilé ara rẹ̀ láìgba alásè. Mo mú mẹ́rin nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ìkómọ ọmọ wa kejì ń bọ̀, nǹkan bí 40 ènìyàn la sì ń retí. Owó tí àwọn alásè ń bèèrè ti ga ju agbára wa lọ, nítorí náà èmi àti àbúrò mi fẹ́ fọwọ́ ara wa se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lórí gáàsì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé nígbàkígbà tí mo bá se púpọ̀, ìsàlẹ̀ a jóná, àárín a rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, òkè a sì le. Kí ni mò ń ṣì ṣe? — Ìyá Ìkókó, Ìbàdàn

Ẹ kú ewu ọmọ, Ọlọ́run yóò dá a sí fún yín. Ọwọ́ yín kọ́ ló ṣì, iná yín ni kò bá ìkòkò yín mu. Igi ìdáná tí àwọn alásè ń lò máa ń ká ìkòkò mọ́ láti ìdí dé ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ojú kan láàárín ni iná gáàsì ń gbá. Bí ẹ bá wá kó ìrẹsì kìló 4 sínú ìkòkò gíga kan ṣoṣo, ti ìsàlẹ̀ yóò ti jóná kí ti òkè tó mọ̀ pé ẹ dáná. Ohun tí iná yín bá ká ni kí ẹ gbé lé e. Ẹ pín ìrẹsì náà sí ìkòkò méjì tó fẹ̀ tí kò ga, kí kìló 2 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí 100 gíráàmù ìrẹsì gbígbẹ fún àgbàlagbà kan, níwọ̀n ìgbà tí mọ́ínmọ́ín àti ẹran yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. (Kóńgò ọjà kan kì í bá ti òmíràn dọ́gba, ìdí nìyí tí mo fi ń fi kìló ka tèmi.) Ẹ tún wá páànù ìdín ògbólógbòó kan tí ìdí rẹ̀ nípọn, kí ẹ gbé e ka iná kí ẹ tó gbé ìkòkò lé e lórí nígbà tí ìrẹsì bá ti wọ inú ọbẹ̀. Páànù yẹn ni yóò gba ìbínú iná sára, tí yóò sì pín in kiri ìdí ìkòkò.

Ní ti ọbẹ̀ náà, bí ata bá kan, ìrẹsì yóò kan. Ẹ jẹ́ kí tàtàṣé pọ̀ ju tòmátò lọ, kí àlùbọ́sà má ṣọ̀wọ́n, kí ata rodo sì mọ níwọ̀n nítorí àwọn àgbà. Ẹ kọ́kọ́ gbé ata lílọ̀ náà kaná láìsí òróró títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ wá dín in nínú òróró pẹ̀lú àlùbọ́sà àti tòmátò inú agolo, títí òróró yóò fi léfòó tí òórùn tòmátò tútù yóò sì pòórá. Iṣẹ́ yìí lè gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa sì ti ń kánjú. Omi ẹran, táìmù, kọ́rì àti iyọ̀ ni yóò tẹ̀lé e.

Ẹ fọ ìrẹsì títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ dà á sínú ọbẹ̀ tó ń hó, kí omi ọbẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ìrẹsì dọ́gba. Bí ó bá bò ó mọ́lẹ̀, ẹ bu díẹ̀ kúrò sí ẹ̀gbẹ́, nítorí pé omi tí a bù kúrò ṣeé dá padà, ṣùgbọ́n èyí tó ti wọ inú ìrẹsì kò ṣeé fà jáde mọ́. Ẹ fi fóìlì bò ó kí ẹ tó dé e ní ọmọrí. Mo mọ̀ pé àwọn alásè kan ń fi náílọ̀nù bò ó, n kò sì fara mọ́ ọn, nítorí pé a kò ṣe náílọ̀nù ọjà fún ooru ìkòkò. Lórí iná kékeré, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìṣí i wò, ẹ fi ṣíbí onígi yí i láti ìdí wá sókè lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ sì tún dé e títí yóò fi jinná. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ gé tòmátò àti àlùbọ́sà sí i lórí pẹ̀lú bọ́tà díẹ̀, ẹ yọ páànù abẹ́ rẹ̀, ẹ sún iná sókè díẹ̀, ẹ má sì yí i mọ́. Ìdí ìkòkò yóò yan fẹ́ẹ́rẹ́, òórùn èéfín tí gbogbo ayé ń wá nínú ìrẹsì òde ayẹyẹ yóò sì jáde. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìjà àwọn ọmọ lórí ìdí ìkòkò náà.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ní ayé ti kọjá ewé, pé kí n máa fi náílọ̀nù tàbí agolo se mọ́ínmọ́ín. Ewé ni èmi fẹ́ràn, ṣùgbọ́n bí tèmi kò bá dà jáde nínú ewé, á le bí ògiri. — Ìyá Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yìn yín ni mo wà, Mà. Òórùn tí ewé eéran ń fún ọ̀lẹ̀, agolo kò ní in. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ wa pé ní ìlú Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń pe àkàrà ní acarajé, wọ́n ní ìbátan mọ́ínmọ́ín wa kan tí wọ́n ń pè ní abará, inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì ń dì í sí títí di òní.

Líle tí tiyín ń le, omi àti lílù ló fà á. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó, ẹ má ṣahun òróró, kí ẹ sì fi ọmọrogùn lù ú títí yóò fi fúyẹ́. Bí ẹ bá bù ú sókè tí ẹ dà á padà, ojú ibi tó já sí gbọ́dọ̀ tẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá dúró ní òkìtì, omi kò tíì tó.

Ní ti dídà jáde, ojú mi ti rí i. Lọ́dún tí àbúrò mi gboyè jáde, mo di 60 ẹyọ sínú ìkòkò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí i, ẹ̀wà tó ti di ẹ̀kọ ni mo bá nísàlẹ̀, tí ewé ń léfòó lórí rẹ̀ bí ìgbà tí òjò bá gbá pàǹtírí jọ. Èmi fúnra mi ni mo fi ọ̀bẹ gé igi ẹ̀yìn ewé jìn jù, tí gbogbo wọn sì ti là láìfura. Láti ọjọ́ náà, ewé méjì ni mo ń gbé léra. Mo ń ká wọn bí àrọ, n ó ṣẹ́ ẹnu ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, n ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e ró, n kò sì ní bu ẹ̀wà kún un dé ẹnu, kí ààyè lè wà láti ṣẹ́ òkè rẹ̀. Igi ewé tí mo gé kúrò ni mo ń tẹ́ sí ìdí ìkòkò, omi abẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti máa hó kí n tó to mọ́ínmọ́ín sí i, kí ìdí rẹ̀ lè tètè dì. Omi náà kò gbọ́dọ̀ ga débi tí yóò fi bo ewé. Tó bá ti tó wákàtí kan, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó dájọ́ rẹ̀, nítorí pé gbogbo mọ́ínmọ́ín ló ń rọ̀ nígbà tó bá ṣì gbóná. Agolo kò burú lọ́jọ́ tí ewé bá wọ́n, ẹ ṣáà fi òróró pa inú rẹ̀. Náílọ̀nù ni n kò ní gbà.

Ẹ ǹ lẹ́ o, Àǹtí. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, nínú fúláàtì kékeré. Ìrẹsì ọ̀fàdà ni ọkọ mi ń bèèrè fún ọjọ́ ìbí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé epo pupa kaná kẹ́yìn kí àwọ̀ rẹ̀ lè ṣí, ẹ̀rọ tó ń kéde iná pariwo títí àwọn aládùúgbò fi sáré jáde. — Ìyàwó Òyìnbó-Ọ̀sán, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èéfín kọ́ ló ń mú ọbẹ̀ náà dùn. Ẹ da epo sínú ìkòkò gbígbẹ tí ìdí rẹ̀ nípọn, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó wà lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ pa iná, kí ẹ má sì ṣí i títí yóò fi tutù. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, ẹ má sì kúrò nídìí rẹ̀. Bí iná bá gbá epo lójú, ẹ má ṣe da omi sí i láé: ẹ pa iná ìdáná, ẹ fi ọmọrí dé ìkòkò náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ọjọ́ tó ṣáájú àpèjẹ ni kí ẹ ti ṣe é.

Tàtàṣé aláwọ̀ ewé ni mo ń lò. Àwọn tó ń fi pupa se tiwọn kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n n kì í bu tiwọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má lọ ata náà kúnná, kí irú wooro yín sì pọ̀. Ìrẹsì tí orúkọ rẹ̀ ti ìlú Ọ̀fàdà ní ìpínlẹ̀ Ògùn wá máa ń ní òkúta nínú, nítorí náà ẹ ṣà á, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ dáadáa. Bí ẹ kò bá rí i rà lọ́hùn-ún, ìrẹsì tí a kò bó èèpo inú rẹ̀ kúrò yóò bá ọbẹ̀ náà lọ.

Ẹ káàsán, Mà. Agùnbánirọ̀ ni mí ní Àkúrẹ́. Ọ̀rẹ́ mẹ́wàá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Sátidé, small chops ni gbogbo èèyàn sì ń gbé sórí fóònù báyìí, ṣùgbọ́n ìdáná kan péré ni mo ní. Kí ni mo lè sè? Ṣé mo sì lè máa jẹ èyí tó bá ṣẹ́kù títí di ọjọ́ Ajé? — Kọ́pà

Ọmọ mi, fi puff-puff àti samosa sílẹ̀ fún ẹni tí ìdáná rẹ̀ pọ̀, kí o se gizdodo. Fi àlùbọ́sà àti táìmù bọ iwe adìyẹ títí yóò fi rọ̀, kí o sì dín in. Gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n wẹ́wẹ́, má ṣe lo èyí tó ti rọ̀ kí ó má baà di ìṣù, kí o dín òun náà. Din ata díẹ̀ títí yóò fi gbẹ, nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá sì kan ilẹ̀kùn ni kí o tó pò gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Èyí tó bá ṣẹ́kù kò gbọdọ̀ sùn nínú kúlà, nítorí pé ooru ni kúlà ń pa mọ́, inú ooru díẹ̀díẹ̀ yẹn gan-an sì ni kòkòrò àrùn ti ń bí sí i. Ní ti ìrẹsì pàápàá, àtúngbékaná kì í pa oró tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ bá ti tú sínú rẹ̀. Bù ú sínú abọ́ kéékèèké, kí o sì gbé e sínú fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé. Bí iná mànàmáná àdúgbò yín kò bá ṣeé gbára lé, dì í fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Lọ́jọ́ Ajé, se ẹ̀wà.