Mo ti lọ àgbàdo mi, ibo ni kòkòrò tún gbà wọlé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Kòkòrò onímú gígùn ń da àgbàdo mi láàmú, ni mo bá kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹ̀rọ. Mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo dà á sínú ike, mo sì dé e pa. Kò ju oṣù 2 lọ tí mo fi rí kòkòrò pupa wínníwínní nínú ìyẹ̀fun náà, ó sì ń rùn. Ṣé ẹ̀rọ kì í pa wọ́n ni, àbí wọ́n ti pa àwọ̀ dà? Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, wọn ò pa àwọ̀ dà o. Ẹ̀rọ ti pa àwọn ti àkọ́kọ́. Kòkòrò mìíràn pátápátá lẹ rí yìí.

Onímú gígùn yẹn, Sitophilus ni àwọn onímọ̀ ń pè é, inú hóró ló ń bímọ sí. Abo rẹ̀ á fi ẹnu gbẹ́ ihò tín-ín-rín sára hóró, á yé ẹyin kan ṣoṣo síbẹ̀, á wá fi nǹkan bí oje dí ojú ihò náà. Ẹ lè ṣa àgbàdo lójú oòrùn títí, ẹ ò ní rí i. Inú ibẹ̀ ni ìdin ti ń jẹ, tó ń sanra, tí á fi lu hóró jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5 bí ooru bá wà. Nígbà tí ẹ lọ̀ ọ́, ẹ wó ilé mọ́ ọn lórí. Kò sì rí ibi gbẹ́ nínú ìyẹ̀fun. (Makaróní ńkọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó lè bímọ sínú ìyẹn, torí pé ó le.)

Pupa yẹn, Tribolium ni. Ẹnu tiẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ràn hóró tó dá ṣáká. Èyí tó ti fọ́, èyí tí ẹlòmíì jẹ kù, àti ìyẹ̀fun ló ń wá. Ẹ ti bá a rún oúnjẹ rẹ̀. Ẹyin rẹ̀ máa ń lẹ̀, ìyẹ̀fun á bò ó, ojú ò ní tó o. Òórùn yẹn, oje tó ń tú jáde lára rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ìyẹ̀fun á máa pọ́n.

Ẹ̀rọ gan-an ni mo fura sí jù, ìyẹ̀fun àtijọ́ tó há sí kọ̀rọ̀ rẹ̀, tàbí ojú rírán àpò. Ọmọrí tí ẹ dé pa wulẹ̀ ti òun àti oúnjẹ mọ́lé papọ̀ ni.

Ti ìrẹsì náà nìyẹn: bí èèpo bá ṣì wà lára rẹ̀ tí kò sán, agbára káká ni onímú gígùn fi ń wọlé. Ẹ bó o tán, tí èérí ṣì wà lára rẹ̀, ó di àdídùn. Èyí tí wọ́n ti họ funfun, wọ́n ń bímọ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í tètè dàgbà.

Èyí tó ń rùn yẹn, ẹ má kù ú jẹ; asẹ́ ò lè yọ oje yẹn. Lẹ́yìn èyí, hóró ni kí ẹ tọ́jú, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ ṣa èyí tó fọ́ kúrò, kí ẹ sì máa lọ ìwọ̀nba tí ẹ ó jẹ tán láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Bí ẹ bá ní fìríísà tó tutù dé −18°C, ẹ fi ìyẹ̀fun tuntun síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 1, nínú ọ̀rá tí ẹ dì pa. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tíì tú u títí òtútù á fi tán lára rẹ̀, kí omi má baà sẹ̀ sí i. Ike náà, omi gbígbóná ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, pàápàá abẹ́ ọmọrí.