Òdú tí kì í ṣàìmọ̀ fólóko: ẹ̀fọ́ wo ni?

Ìbéèrè kan wá láti Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Ẹni tó béèrè ní kò sí òde ìnáwó tí òun lọ tí onílù tàbí alága ìjókòó kì í ti sọ fún ẹni ńlá kan pé, “Òdú ni yín, ẹ kì í ṣàìmọ̀ fólóko.” Odù Ifá ló rò pé wọ́n ń sọ, àfi ìgbà tí àgbàlagbà kan wá kí wọn nílé, tó nawọ́ sí ewéko kan tó lalẹ̀ hù lábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìnkùlé, tó ní, “Òdú rèé o.” Ó wá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ìdí tí òwe fi dárúkọ olóko, bóyá àwọn lè jẹ ẹ́, àti bóyá kò ní ṣe ajá àti ewúrẹ́ tí àwọn ń sìn nínú ọgbà ní jàǹbá.

Òótọ́ ni bàbá yẹn sọ. Ẹ̀fọ́ ni òdú, kò sì bá Odù Ifá tan. Ohùn ló yà wọ́n: òdú bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó parí lókè, Odù bẹ̀rẹ̀ láàárín, ó parí nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá kọ méjèèjì sílẹ̀ láìfi àmì sí i, kò sí bí ojú ṣe lè mọ ìyàtọ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti ń wọlé. Ìdílé kan náà ni òdú pẹ̀lú tòmátì, ata àti ẹ̀fọ́ igbá, ìdílé tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Solanaceae. Ẹ̀gúnmọ̀ tí ewé rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, tí wọ́n ń gbìn tà, ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi orúkọ kan ṣoṣo pe àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká tú òwe náà. “Ṣàìmọ̀” ni “ṣe àìmọ̀”, ìyẹn ni kí nǹkan jẹ́ ohun tí ẹnìkan kò mọ̀. Kò sí bí òdú ṣe máa wà lóko kí olóko má mọ̀ ọ́n. Orí “olóko” ni ọ̀rọ̀ náà jókòó lé. Wọn ò sọ pé gbogbo ayé ló mọ òdú. Ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà lè wò ó kó pè é ní koríko. Alágbàṣe tí wọ́n gbà fún ọjọ́ kan péré lè fi ọkọ́ bẹ́ ẹ dànù. Olóko nìkan ló máa yà fún un.

Bí òdú ṣe ń hù ló fà á. A kì í sábà gbìn ín. Ẹyẹ ló ń jẹ èso rẹ̀ tó bá ti dúdú, tó ń gbé hóró rẹ̀ kiri nínú ikùn, tó sì ń yà á sílẹ̀ níbi tó bá bà sí. Ohun tó gbé e dé abẹ́ igi ọsàn yín nìyẹn. Hóró náà lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kó máa retí ìmọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí àgbẹ̀ bá ṣán igbó, tó sun ún, tó fi ọkọ́ yí ilẹ̀ padà, tí òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀ lé e, òdú á yọrí. Ilẹ̀ tó lọ́ràá ló fẹ́ràn jù: ìdí ààtàn, ibi tí wọ́n ti sun pàǹtírí, ẹ̀yìn ilé ìdáná, ẹ̀gbẹ́ ilé ewúrẹ́. Àgbẹ̀ tó bá rí i tí ewé rẹ̀ dúdú minimini mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ò tíì ṣá. Ọdọọdún ni wọ́n ń pàdé nígbà ìroko, olóko á ro koríko yí i ká, á já orí rẹ̀ sínú agbọ̀n, ó di ọbẹ̀ alẹ́ nìyẹn. Mímọ̀ tí òwe ń sọ nìyí, mímọ̀ tó ti inú iṣẹ́ ọwọ́ wá, tó yàtọ̀ pátápátá sí kí èèyàn kàn gbọ́ orúkọ lásán.

Nínú ìlò òde òní, “òdú” nìkan ti tó láti fi pe ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn: òdú òṣèré, òdú olóṣèlú, òdú oníṣòwò. Kò burú, ṣùgbọ́n ó yẹ ká rántí ohun méjì. Èkíní, ẹnu ẹlòmíràn ló ti ń dùn. Ẹni tó bá dìde láwùjọ tó ní “òdú ni mí”, ó ń fọ́nnu nìyẹn, àwọn àgbà á sì wo ara wọn lójú. Èkejì, òwe náà kò sọ pé òdú dára, mímọ̀ ló ní a mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ni wọ́n ṣe lè sọ ọ́ fún gbájú-ẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ bí ẹní mowó, kò sì ní jẹ́ àṣìlò. Ibi tó ti dára jù ni ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ fi ẹnì kan hàn láàárín àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀: bàbá oníṣègùn láàárín àwọn oníṣègùn, ìyá aláró láàárín àwọn aláró. Níbẹ̀, olóko wà ní ìjókòó lóòótọ́.

Ó wá ku èyí tó wà lábẹ́ igi ọsàn. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó já a. Òdú kì í sábà ga ju ìbàdí àgbà lọ. Igi rẹ̀ rọ̀, àwọ̀ ewé ni, kò sì ní ẹ̀gún rárá. Bí ẹ̀gún bá wà lára igi tàbí lẹ́yìn ewé, nǹkan mìíràn ni. Ewé rẹ̀ rí bí ẹyin tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, etí rẹ̀ lè tẹ́jú, ó sì lè rí kọ́lọkọ̀lọ díẹ̀. Ìtàná rẹ̀ ló ń tú u fó: ó kéré, ó funfun, abala márùn-ún ló ní, wọ́n ká sẹ́yìn bí ìràwọ̀, ohun yẹ́lò kan sì yọ láàárín bí ẹnu ẹyẹ. Ìtàná mẹ́rin sí mẹ́jọ ló máa ń so rọ̀ lórí ọ̀pá kan, ọ̀pá yẹn á sì yọ lára igi láàárín ewé méjì, kì í yọ ní abíyá ewé. Èso rẹ̀ ò ju hóró ẹ̀wà lọ. Tútù ni nígbà tó ṣì kéré, á dúdú tó bá gbó, ẹ tẹ ọ̀kan fọ́, omi rẹ̀ á ní àwọ̀ elésè àlùkò, ẹ ó sì rí hóró pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Èyí tó ń kó èèyàn sí wàhálà ni apíkán, nítorí ibi ààtàn kan náà ni òun náà ń hù, ìdílé kan náà sì ni wọ́n. Ìtàná apíkán gùn bí fèrè, èso rẹ̀ ní ẹ̀gún yíká, ewé rẹ̀ sì ń rùn tí ẹ bá fọwọ́ ra á. Oró rẹ̀ ń da orí rú, ó sì ń pani. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá ṣì kéré, ojú lè tan ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Nítorí náà, bí ìtàná kò bá tíì yọ, tí kò sì sí ẹni tó mọ ẹ̀fọ́ nítòsí, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí igi kan tanná ná, ẹ ó wá mọ èyí tí ẹ ń wò.

Òdú fúnra rẹ̀ ní oró díẹ̀. Solanine ni wọ́n ń pè é, inú èso tútù ló pọ̀ sí jù. Ẹ má ṣe jẹ èso tútù, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Ewé rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń jẹ ní tútù tàbí kí a bù ú sínú ọbẹ̀ láìbọ̀. Orí ọ̀mùnú ni kí ẹ já, kí èso tó pọ̀ lórí igi. Ẹ fi omi iyọ̀ ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ da á sínú omi tó ti ń hó, ẹ má dé ìkòkò, kó hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ da omi yẹn nù pátápátá, ẹ fi omi tútù ṣàn án, kí ẹ fún un. Àwọn kan ń fi omi ìbọ̀ náà se ọbẹ̀ kí adùn má bàa lọ. Àṣìṣe ni, inú omi yẹn ni kíkorò àti apá kan oró náà bọ́ sí. Lẹ́yìn èyí, ẹ sè é bí ẹ ṣe ń se ẹ̀fọ́ rírò: epo pupa, ata lílọ̀, irú wooro, panla, ẹ̀gúsí tí ẹ bá fẹ́. Yóò korò díẹ̀, kò tó ti ewúro. Ẹ já a kó pọ̀ o, torí agbọ̀n kan kì í ju àwo kan lọ tó bá ti hó tán.

Ní ti ẹran ọ̀sìn, ewúrẹ́ ni kí ẹ bojú tó jù. Ewúrẹ́ tó bá já bọ́ láti ibi tí wọ́n so ó mọ́ kì í yan ewé, bó bá sì jẹ òdú púpọ̀ tòun ti èso tútù, inú lè run ún, ó lè ṣunú, kó sì máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ẹ má ṣe kó òdú tí ẹ ro nílẹ̀ lọ fún ewúrẹ́ tàbí ehoro bí oúnjẹ. Ajá àgbà kì í sábà fẹnu kàn án, ọmọ ajá tó ń rún ohun gbogbo ló lè rún un. Bó bá ń bì, tó ń dá itọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ má ṣe da epo pupa sí i lọ́nà ọ̀fun. Epo náà lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn á sì pa á kíá ju òdú lọ. Ohun kan tún wà: ìgbẹ́ ajá kò gbọ́dọ̀ wọ inú ààtàn tí ẹ fẹ́ fi gbin ẹ̀fọ́, nítorí aràn.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìn ín dípò kí ẹ máa retí ẹyẹ, kò ṣòro. Ẹ ká èso tó ti dúdú tán, ẹ fọ́ ọ sínú omi, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí omi ara rẹ̀ lè bọ́. Hóró tó dára á rì, ẹ da èyí tó léfòó nù. Ẹ sá a lábẹ́ ibòòji fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ó kéré púpọ̀, nítorí náà ẹ po ṣíbí ìmutíì kan pọ̀ mọ́ ife yanrìn gbígbẹ kan kí ẹ tó fọ́n ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á hù ṣùpọ̀ síbì kan, wọ́n á sì máa pa ara wọn. Ẹ fi ìyẹ̀pẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, kó má nípọn. Òkùnkùn tó bá pọ̀ lórí rẹ̀ kò ní jẹ́ kó hù. Ẹ ta imọ̀ ọ̀pẹ lé e. Á yọ láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá, ọjọ́ tí ẹ bá sì rí i ni kí ẹ ká imọ̀ kúrò, kí ó má bàa gùn gẹ̀rẹ̀jẹ̀.

Tó bá yọ ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ lọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan sáàárín igi méjì. Ìgbẹ́ adìẹ ló bá a lára mu jù, ṣùgbọ́n kí ó ti jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Ìgbẹ́ tútù ló ń jó gbòǹgbò, òun ló sì fà á tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé ẹ̀fọ́ àwọn “kàn gbẹ lójijì”. Ẹ má gbìn ín síbi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè tòmátì tàbí ata. Kòkòrò inú ilẹ̀ tó ń mú gbòǹgbò wọn ta kókó máa ń mú òdú náà. Bí ewé bá di ajẹ̀rẹ̀, tó ní ihò wẹ́wẹ́, ẹ gún ìwọ̀n kílò kan ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà márùn-ún mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, ẹ fọ́n ọn sí ẹ̀yìn ewé ní ìrọ̀lẹ́. Adìẹ ló máa ń ba ebè ọ̀gbìn jẹ́ jù, ju kòkòrò lọ. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì tàbí imọ̀ yí i ká.

Oṣù kẹrin sí oṣù keje ni òjò Ìbàdàn bá a mu jù, àwọn tó ní àkùrọ̀ sì lè gbìn ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àmọ́ bí omi tó ń ṣàn gba ibẹ̀ bá jẹ́ omi gọ́tà tí wọ́n ń da pàǹtírí sí, omi kànga ni kí ẹ fi bomi rin ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún lẹ́yìn tí ẹ bá lọ́ ọ, ẹ gé e, ẹ fi kùkùté igi tó tó ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀, á tún yọ. Ẹ máa já ìtàná rẹ̀ nù, ewé á pẹ́ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa bi ní ìbéèrè sí i, ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀fọ́ àti èso tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1975, NIHORT, wà ní Ìdí-Iṣin, ẹ̀fọ́ ni iṣẹ́ wọn. Ẹ fi igi méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ ní ìkángun ebè láìgé, kí wọ́n so, kí èso wọn dúdú tán. Ìyẹn ni hóró ọdún tó ń bọ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹyẹ.