Ẹ̀rọ inú fíìmù ni ká rà, àbí fìríìjì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. A dáwó jọ fún ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà nílé. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń wo Grey's Anatomy, eré àwọn dókítà orí tẹlifíṣàn, ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé àyà aláìsàn tó fi ń jí ni ká rà. Àwọn àgbà ò gbà. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ kú aájò ìlú.

Ẹ mọ ibi tí ìlà ojú ẹ̀rọ ti ń tẹ́ pẹrẹsẹ, tí dókítà á pariwo "ẹ sún sẹ́yìn!", tí ara aláìsàn á ta kìjí? Irọ́ ni. Tí ọkàn bá ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀, iná mànàmáná tí ẹ̀rọ yẹn ń tàn sára kì í jí i. Ọkàn tó ń gbọ̀n yéríyérí, tí kò lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́, niná wúlò fún. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1996 lórí àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ láyà kí ọkàn wọn lè padà ṣiṣẹ́ nínú eré tẹlifíṣàn: nínú 100, bíi 67 ló jọ pé wọ́n padà sílé láàyè. Lójú ayé, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dáwọ́ dúró níta ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà ọ̀hún, bíi 10 nínú 100 ló ń yè.

N ò bá àwọn ọ̀dọ́ yín jà o. Eré tí wọ́n ń wò yẹn fi hàn lọ́dún 2008 pé aláboyún tó ní HIV lè lo oògùn kó sì bí ọmọ tí kò ní in. Òǹwòran 15 nínú 100 ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn eré náà, ó di 61. Àmọ́ ohun tí kò bá wu ojú kì í bọ́ sínú eré, ibi tójú sì ń wò lowó ń lọ.

Ta ló ń fi fìríìjì oògùn ṣeré? Bẹ́ẹ̀ obìnrin á bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ á máa ya, agbẹ̀bí á sáré gún un ní oxytocin, abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Àárín òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ kí oògùn yẹn wà. Tó bá ti wà nínú ooru láti oṣù tó kọjá nítorí àìsíná, abẹ́rẹ́ á wọlé, ẹ̀jẹ̀ lè má dúró. Ẹ̀jẹ̀ yìí sì wà lára ohun tó ń pa ìyá ọlọ́mọ jù ní Nàìjíríà.

Kí ẹ tó náwó, ẹ rán ẹni méjì lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀. Kó ṣí fìríìjì fún wọn. (Mo ti bá ìkòkò ọbẹ̀ nínú ọ̀kan rí.) Kí wọ́n bi í pé ṣé owó tí òfin ìlera 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yà sọ́tọ̀ fún irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Fìríìjì tó ń lo oòrùn, tí wọ́n ṣe fún oògùn, ni màá kọ́kọ́ rà, màá sì ya owó àtúnṣe rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Tówó bá ṣẹ́kù, ẹ pe nọ́ọ̀sì kó wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ yẹn bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà. Ìyẹn ò gba iná.